BOD omi kan náà jáde ní 7.9, ó tún jáde ní 240: èwo ni kí n gbà gbọ́?

Akẹ́kọ̀ọ́Omi:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Ọdún kẹta ni mo wà nínú ẹ̀kọ́ kẹ́mísírì àyíká. Iṣẹ́ àyẹ̀wò tí wọ́n gbé fún wa ní sáà yìí ni pé kí a wọn BOD omi ìdọ̀tí kan, ìyẹn iye ọ́síjìn tí àwọn kòkòrò àìfojúrí máa lò láti fi jẹ ìdọ̀tí inú omi náà láàárín ọjọ́ márùn-ún. Ìgò mílílítà 300 ni mo lò. Mo rọ omi náà kún ìgò A láìbu omi là á rárá, lẹ́yìn tí mo ti fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i dáadáa. Mílílítà 15 ni mo fi sí ìgò B, mílílítà 6 sí ìgò C, mílílítà 1.5 péré sí ìgò D, mo wá fi omi tí a ti pèsè sílẹ̀ fún bíbu là kún ìyókù. Inú àpótí tí ooru rẹ̀ dúró sí 20°C, tí ìmọ́lẹ̀ kò sì lè wọ̀, ni mo kó gbogbo wọn sí.

Ní ìgò A, ọ́síjìn bẹ̀rẹ̀ ní 7.9 mg/L, ó sì parí sí òdo. Ní B, láti 8.4 sí 0.3. Ní C, láti 8.6 sí 3.8. Ní D, láti 8.7 sí 7.2. Nígbà tí mo ṣírò rẹ̀ tán, A fún mi ní 7.9 mg/L, B fún mi ní 162, C ní 240, D ní 300. Omi kan náà ni o, inú garawa kan náà ni mo ti bù ú!

Ohun kan tún wà tó ń yọ mí lẹ́nu. Ní ọjọ́ karùn-ún, nígbà tí mo da manganese sulphate àti iodide pẹ̀lú áákálì sínú ìgò A, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó wálẹ̀ funfun bí ẹfun, kò di búráùn bíi ti ọjọ́ àkọ́kọ́. Mo rò pé kẹ́míkà náà ti bàjẹ́, mo po tuntun, mo dán an wò lára ìgò kejì tí mo ṣe bíi ti A, funfun náà ló tún jẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, èwo nínú nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí ni kí n kọ sínú ìròyìn mi?

Ìgò300:

Ọ̀rẹ́, ṣé o kò kàn lè fi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wá ìpíndọ́gba ni? Mo ṣe é, ó fún mi ní nǹkan bíi 177. Bẹ́ẹ̀ ni àwa ṣe ń ṣe nígbà tí a ń wọn pH.

OlùkọKẹ́mísírì:

Ìgò300, mo mọ ohun tó gbé ọ dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbà tí gbogbo nọ́ńbà bá ń sọ̀rọ̀ nípa ohun kan náà ni ìpíndọ́gba ń wúlò. Mẹ́rin yìí kò sọ̀rọ̀ nípa ohun kan náà. 177 tí o rí yẹn kì í ṣe BOD omi kankan.

Akẹ́kọ̀ọ́Omi, jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ìwọ parí sí, nítorí ohun tí ò ń wá lọ sí Sókótó ti wà nínú ṣòkòtò rẹ. Kẹ́míkà rẹ kò bàjẹ́. Funfun tí o rí yẹn gan-an ni èsì. Nígbà tí manganese sulphate bá pàdé áákálì nínú ìgò, manganese hydroxide ló máa ń kọ́kọ́ dá sílẹ̀, funfun sì ni. Bí ọ́síjìn bá wà nínú omi náà, kíá ni yóò gbá manganese yìí mú, tí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ náà yóò sì di búráùn. Bí ọ́síjìn bá ṣe pọ̀ tó ni àwọ̀ náà ṣe ń ki tó. Lẹ́yìn náà ni a ó fi sulphuric acid tú u, manganese yóò sọ iodide di iodine, iodine yẹn ni a ó sì fi sodium thiosulphate kà, mólẹ́kù ọ́síjìn kan sí thiosulphate mẹ́rin. Lajos Winkler, ará Hungary, ló gbé ọgbọ́n yìí kalẹ̀ ní 1888, a kò sì tíì pa á tì. Tí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ bá wálẹ̀ ní funfun tí kò sì yí padà, ìgò ń sọ fún ọ pé òun kò ní ọ́síjìn kankan mọ́, kí o tó fọwọ́ kan buréètì, ọ̀pá gíláàsì tí a fi ń kán thiosulphate, rárá.

Wàyí o, ronú sí ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ìgò A. Omi aláìníyọ̀ tó wà ní 20°C kò lè gbà ju nǹkan bíi 9.1 mg/L ọ́síjìn lọ láti inú afẹ́fẹ́. Ohun yòówù kí ìdọ̀tí inú rẹ̀ fẹ́, mílígírámù mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án ni gbogbo ohun tó wà nínú àpò. Àwọn kòkòrò rí ìdọ̀tí tó pọ̀ rẹpẹtẹ, wọ́n jẹun títí ọ́síjìn fi tán, ó sì ṣeé ṣe kí ó ti tán láàárín ọjọ́ kìn-ín-ní. Ọjọ́ mẹ́rin tó kù, nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀ tí ìwọ̀n rẹ lè rí. 7.9 tí o kọ sílẹ̀ yẹn, ìgò náà lo wọ̀n, kì í ṣe ìdọ̀tí. Ì báà jẹ́ omi tó dọ̀tí ní ìlọ́po mẹ́wàá ju èyí lọ lo rọ sínú rẹ̀, 7.9 náà ni ìbá jáde.

Nítorí náà ni a ṣe ń bu omi là á, nítorí náà sì ni òfin méjì fi wà tí ó yẹ kí ìgò kọ̀ọ̀kan tẹ̀ lé kí a tó gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́: ọ́síjìn tó ṣẹ́ kù lọ́jọ́ karùn-ún kò gbọ́dọ̀ dín ní 1 mg/L, èyí tí wọ́n sì lò kò gbọ́dọ̀ dín ní 2 mg/L. Fi òfin yìí yẹ ìgò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò kí o padà wá.

Akẹ́kọ̀ọ́Omi:

Ẹ ṣeun gan-an, ọ̀gá. Ó wá yé mi. A ṣubú, B náà ṣubú nítorí 0.3 ló kù. C yege: 4.8 ni wọ́n lò, 3.8 ló kù, 4.8 lọ́nà 50 (mílílítà 300 tí a fi 6 pín) sì jẹ́ 240. Ṣùgbọ́n ẹ má bínú sí mi, D kò yé mi. Ọ́síjìn kò tán nínú rẹ̀, ó tilẹ̀ ṣẹ́ kù rẹpẹtẹ, kí ló dé tí a óò fi sọ ọ́ nù nítorí pé 1.5 ni wọ́n lò? Ṣé kì í ṣe ìgò tó ní ọ́síjìn jù ló yẹ kó sọ òótọ́ jù ni?

OlùkọKẹ́mísírì:

Ìbéèrè gidi nìyẹn, inú mi sì dùn pé o kò kàn gba òfin náà lẹ́nu mi. Padà sí ìdí buréètì rẹ. Tí o bá lo thiosulphate 0.025 mólì nínú lítà kan, tí o sì fi mílílítà 200 omi ṣe titration, ìyẹn fífi ẹ̀kán thiosulphate ka iodine náà, mílílítà kan thiosulphate dúró fún 1 mg/L ọ́síjìn gẹ́lẹ́. Ẹ̀kán kan láti ẹnu buréètì tó nǹkan bíi mílílítà 0.05. Bí ojú rẹ bá tàn ọ́ tí o fi ẹ̀kán méjì kọjá ibi tí àwọ̀ búlúù tí sítáàṣì fún iodine ti pòórá, o ti ṣàṣìṣe 0.1 mg/L, kò sí ẹni tí ìyẹn kò lè ṣẹlẹ̀ sí.

Nínú ìgò C, 0.1 yẹn yóò di 5 nígbà tí o bá fi 50 sọ ọ́ di púpọ̀, ohun kékeré ni lára 240. Nínú ìgò D, 200 ni wàá fi sọ ọ́ di púpọ̀. Ẹ̀kán méjì ti di 20 mg/L! Ìgbà méjì lo sì kà á, lọ́jọ́ kìn-ín-ní àti lọ́jọ́ karùn-ún, àṣìṣe àkọ́kọ́ lè gun orí ti èkejì. Fi èyí kún un pé omi tí a fi ń bu là fúnra rẹ̀ lè gba ọ́síjìn díẹ̀, a sì máa ń gbà á láàyè títí dé 0.2 mg/L. Nínú 1.5 rẹ yẹn, ta ló mọ èyí tí ìdọ̀tí lò àti èyí tí omi fúnra rẹ̀ lò? Nítorí náà, D kì í ṣe irọ́, ohùn rẹ̀ ló kéré ju ariwo tó yí i ká lọ.

Ti B yàtọ̀. Ariwo kọ́ ni ìṣòro rẹ̀. Ìgbà tí ọ́síjìn bá ti lọ sílẹ̀ jù ni àwọn kòkòrò máa ń fà sẹ́yìn, ìdọ̀tí tí wọn ìbá sì jẹ tán yóò ku sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí 162 fi kéré sí 240.

Aláyẹ̀wòOmi:

Ẹ kú àlàyé, ọ̀gá. Èmi kì í ṣe olùkọ́, yàrá àyẹ̀wò omi ni mo ti ń ṣiṣẹ́ láti bí ọdún mélòó kan, mo sì fẹ́ fi díẹ̀ kún un fún àbúrò wa nítorí àwọn ìwé kì í sábà dúró pẹ́ níbẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni ìdérí ìgò. Tí afẹ́fẹ́ tó tó orí abẹ́rẹ́ bá há sábẹ́ ìdérí gíláàsì, ọ́síjìn inú rẹ̀ yóò máa wọ inú omi díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún, BOD rẹ yóò sì kéré ju bó ṣe yẹ lọ. Mo máa ń dẹ ìgò sẹ́gbẹ̀ẹ́, máa fi ìka gbá a jẹ́ẹ́jẹ́ kí gbogbo bọ́bù afẹ́fẹ́ gòkè, kí n tó tẹ ìdérí wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, màá wá bu omi yí ọrùn rẹ̀ ká. Tí omi ọrùn yẹn bá gbẹ láàárín ọ̀sẹ̀, ìgò náà ti ń mí nìyẹn.

Èkejì, tí o bá ṣe titration tán, tí búlúù pòórá, tí o gbé ìgò sílẹ̀, tí o sì rí i pé búlúù náà ń padà bọ̀ lójú rẹ, má bú sítáàṣì. Nitrite ló wà nínú omi rẹ. Nínú ásíìdì, nitrite ń sọ iodide di iodine gẹ́gẹ́ bí manganese ti ń ṣe, afẹ́fẹ́ sì tún ń sọ ọ́ di nitrite padà, kò ní tán. Nítorí rẹ̀ ni a ṣe ń fi sodium azide sínú kẹ́míkà áákálì náà, òun ló ń ba nitrite jẹ́. Májèlé líle ni azide o, ẹ má ṣe fi ẹnu fa píbẹ́ẹ̀tì.

Ìkẹta, bi ara rẹ bóyá kòkòrò tilẹ̀ wà nínú omi náà. Omi tí wọ́n ti fi chlorine sí, tàbí èyí tí mẹ́tàlì olóró pọ̀ nínú rẹ̀, lè fún ọ ní BOD tó dára bí omi òjò, kó sì jẹ́ pé àwọn òṣìṣẹ́ rẹ ti kú sínú ìgò. Fi sulphite pa chlorine, kí o sì fi kòkòrò láti ibòmíràn kún un. A tún máa ń ṣe ìgò kan tí glucose 150 mg/L àti glutamic acid 150 mg/L wà nínú rẹ̀. Tí èsì rẹ̀ kò bá bọ́ sí àyíká 198, pẹ̀lú nǹkan bíi 30 sókè tàbí sísàlẹ̀, èmi kì í gba èsì kankan tí a bá ṣe lọ́jọ́ náà.

DátàKíákíá:

Mo ka gbogbo rẹ̀, mo sì fẹ́ béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni kò béèrè. Àyẹ̀wò tó ń gba ọjọ́ márùn-ún, tí ìwọ̀nba bọ́bù afẹ́fẹ́ kan lè bà jẹ́, tí àṣìṣe ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún kò sì dá ọ̀fọ̀ sílẹ̀ nínú rẹ̀, kí ló tún ń wá nínú ẹ̀kọ́ wa? COD, ìyẹn iye ọ́síjìn tí ó dọ́gba pẹ̀lú ohun tí kẹ́míkà líle lò láti fi jó ìdọ̀tí náà, gba wákàtí méjì. Dichromate nínú sulphuric acid, 150°C, ó parí. Kò sí kòkòrò tó máa kú, kò sí ìgò tó máa mí. Ọjọ́ márùn-ún yẹn fúnra rẹ̀, ta ló yàn án?

OlùkọKẹ́mísírì:

Ìgbìmọ̀ ọba kan tó ń rí sí ọ̀ràn omi ẹ̀gbin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló fìdí rẹ̀ múlẹ̀ nínú ìròyìn rẹ̀ ti 1912, tí wọ́n sì dá ìwọ̀n 20 mg/L fún BOD àti 30 mg/L fún ìdọ̀tí tó léfòó nínú omi. Àlàyé tí àwọn ìwé sábà ń ṣe ni pé omi odò ibẹ̀ kì í lò ju ọjọ́ márùn-ún lọ kó tó dé òkun. Nítorí náà, o tọ̀nà: nínú kẹ́mísírì, kò sí ohun pàtàkì kankan nípa ọjọ́ karùn-ún. Tí a bá gbà pé ìdọ̀tí ń dín kù ní ìwọ̀n 0.23 lójúmọ́, gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ inú ìwé, nǹkan bí ìdá 68 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ọ́síjìn tí ó máa lò ni yóò ti lò nígbà náà. Wo ìgò glucose tí Aláyẹ̀wòOmi mẹ́nu bà: glucose kan gba ọ́síjìn mẹ́fà, gírámù 180 sí gírámù 192. Tí o bá ṣírò ti glucose náà àti ti glutamic acid láìka nitrogen rẹ̀ mọ́ ọn, 307 mg/L ló yẹ kó jẹ́ lápapọ̀. 198 kò ju nǹkan bí ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ lọ. Ìyókù wà lọ́nà, apá kan rẹ̀ sì ti di ara àwọn kòkòrò fúnra wọn.

Ṣùgbọ́n COD kò dáhùn ìbéèrè kan náà. Dichromate kì í yan ohun tó máa jó. Ohun tí kòkòrò kò lè fọwọ́ kàn, bíi lignin inú igi, dichromate yóò jó o. Ammonia ńkọ́? Kò fọwọ́ kàn án, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn bakitéríà kan ń sọ ọ́ di nitrate nínú odò, tí wọ́n ń gba ọ́síjìn tó pọ̀ fún un. Ohun tí odò máa fojú rí ni BOD ń gbìyànjú láti sọ, bó tilẹ̀ ń kólòlò.

Aláyẹ̀wòOmi:

Kí DátàKíákíá má sì gbàgbé ohun tó wà nínú túùbù COD rẹ̀: dichromate jẹ́ chromium olóró, fàdákà ni a fi ń mú un yára, mẹ́kúrì ni a sì fi ń di chloride mú kí ó má bàa bá dichromate jà. A ń fi mẹ́kúrì yẹ omi wò nítorí ààbò omi. Mo máa ń rẹ́rìn-ín nígbàkúùgbà tí mo bá ń kó túùbù náà sínú kẹ̀ẹ̀gì àkójọ ìdọ̀tí olóró.

DátàKíákíá:

Ẹ ti mú mi níbẹ̀. Mo gbà nípa mẹ́kúrì. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tọ́jú ẹ̀rọ tó ń wẹ omi ẹ̀gbin kò lè dúró fún ọjọ́ márùn-ún kẹ́ ẹ tó mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́ láàárọ̀ yìí.

Aláyẹ̀wòOmi:

A kì í dúró. COD la ń wò lójoojúmọ́, a ń fi BOD yẹ̀ ẹ́ wò lóòrèkóòrè. Méjèèjì la nílò.

Akẹ́kọ̀ọ́Omi:

Ẹ̀yin àgbà, ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ wa ṣe COD omi náà, 610 mg/L ló rí. Tí mo bá fi 610 yìí pín BOD wa tó jẹ́ 240, 0.39 ni. Kí ni kí n fi ṣe?

OlùkọKẹ́mísírì:

Nǹkan púpọ̀. Tí ìpín yẹn bá ti tó 0.5 tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ, a máa ń sọ pé kòkòrò lè fọ omi náà mọ́ láìsí wàhálà. Tí ó bá dín ní 0.3, ìfura ni pé ohun tó le jù fún wọn tàbí ohun tó ń pa wọ́n wà níbẹ̀. Ìwọ wà láàárín. Má fi ipá mú un sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìgò300:

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni 240 yìí túmọ̀ sí tí wọ́n bá da omi náà sínú odò? Mo mọ ìṣirò rẹ̀, n kò mọ ìwúwo rẹ̀.

OlùkọKẹ́mísírì:

Mú odò kan tí ọ́síjìn inú rẹ̀ jẹ́ 8 mg/L. Lítà kan omi ìdọ̀tí yìí fẹ́ mílígírámù 240 láàárín ọjọ́ márùn-ún, ìyẹn gbogbo ọ́síjìn tó wà nínú ọgbọ̀n lítà odò náà. Púpọ̀ nínú ẹja ti ń jìyà nígbà tí ọ́síjìn bá ti wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ 5, tó bá sì wọ abẹ́ 2, èyí tó lè sá yóò sá, èyí tí kò lè sá yóò kú.

Àmọ́ odò kì í ṣe ìgò tí a dé lórí. Bí àwọn kòkòrò ṣe ń fa ọ́síjìn jáde ni afẹ́fẹ́ ń dá a padà láti ojú omi, bí ọ́síjìn bá sì ṣe dín kù tó ni afẹ́fẹ́ ṣe ń yára fún un tó. Streeter àti Phelps kọ ìṣirò ìjàkadì méjèèjì yìí jáde ní 1925 láti inú iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lórí odò Ohio ní Amẹ́ríkà. Ohun tó jáde níbẹ̀ máa ń ya àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu: ibi tí ọ́síjìn ti kéré jù kì í ṣe ẹnu páìpù. Ìsàlẹ̀ odò ni, ó lè jẹ́ ọ̀pọ̀ kìlómítà sí i, níbi tí omi ti mọ́ lójú. Ẹni tó bá bu omi lẹ́nu páìpù nìkan yóò kọ ìròyìn pé nǹkan dára, ẹja yóò sì máa léfòó ní ibi tí kò dé. Bí oòrùn bá mú, ọ̀rọ̀ náà tún le sí i: 20°C fún ọ ní 9.1, 30°C kò fún ọ ju 7.6 lọ, àwọn kòkòrò sì ń jẹun kíákíá sí i nínú ooru.

Akẹ́kọ̀ọ́Omi:

Mo ti kọ ìròyìn mi, ẹ bá mi wò ó kí n tó fi sílẹ̀. Mo kọ ọ́ báyìí: «BOD ọjọ́ márùn-ún omi yìí jẹ́ 240 mg/L, láti inú ìgò C nìkan. Ìgò A àti B kò ní ọ́síjìn tó kù tó. Ohun tí wọ́n lò nínú ìgò D kò tó ohun tí a lè gbára lé.» Mo wá fi àwòrán gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ funfun náà sí abẹ́ rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ búráùn ti ọjọ́ kìn-ín-ní.

OlùkọKẹ́mísírì:

Ó dára. Ṣùgbọ́n má yọ nọ́ńbà A àti B kúrò. Kọ wọ́n sílẹ̀ pé BOD omi náà ju 7.9 lọ, ó sì ju 162 lọ, nítorí òótọ́ ni méjèèjì sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò sọ ọ́ tán. Tí omi náà bá ṣì kù nínú fíríìjì, tí kò tíì pé ọjọ́ méjì tí o bù ú, ṣe ìgò méjì sí i, ọ̀kan ní mílílítà 5, ọ̀kan ní mílílítà 8. Tí ó bá ti pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, bu tuntun.

Akẹ́kọ̀ọ́Omi:

Ó ti pé ọjọ́ mẹ́sàn-án, ọ̀gá. Màá bu tuntun lọ́jọ́ Ajé.